Káàdì Tí Kò Ní Àmì

Pàá! Ọwọ́ Mànàmáná ti balẹ̀ sórí tábìlì kí àwọn tó kù tó mọ̀ pé Màmá Káàdì ti gbé káàdì mìíràn sókè.

"Àìtó ẹ̀jẹ̀ lára," ló wí, ó sì ti na ọwọ́ kejì láti gbà á.

Màmá Káàdì yí káàdì náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́ ló kọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó tún gbà á."

Kíláàsì pariwo. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Mà, ẹ bá wa so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga o! Àbí kí làwa wá ṣe níbí? Ṣé àtẹ́wọ́ la wá pa ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mànàmáná náà rẹ́rìn-ín, ó to káàdì náà lé àwọn tó ti wà níwájú rẹ̀. Òkìtì tirẹ̀ ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Níwájú Díẹ̀díẹ̀ tó jókòó tì í, mẹ́ta péré ló wà.

Díẹ̀díẹ̀ ṣì ń wo ibi tí káàdì náà ti wà, ètè rẹ̀ ń mì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Yóò ka ọ̀rọ̀ láti orí dé ìdí, yóò gé e sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu, nígbà tó bá sì fi máa mọ ohun tó jẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni eré yìí ń wáyé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Màmá Káàdì ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà kò ṣeé fi ẹgba kọ́ ọmọ. Eré ló ń fi kọ́ wọn. Ó gé páálí oògùn sí igba káàdì. Ó kọ ọ̀rọ̀ dókítà síwájú káàdì, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá gbé e sókè, ẹni tó bá kọ́kọ́ lu tábìlì, tó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun ló ni ín. Ẹni tó bá ṣì í yóò dá méjì padà. Bí eré ọjọ́ náà bá parí, gbogbo káàdì á padà sínú àpótí.

Eré ni lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Sátidé ìparí sáà, àwọn mẹ́fà tí káàdì wọn bá pọ̀ jù ni yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nígbà ọlidé. Nínú àwọn mẹ́fà yìí, ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà fún, lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í kọ̀. Lẹ́tà yẹn ni Mànàmáná ń wá. Kò fẹ́ ohun mìíràn láyé yìí.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan náà. Ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí kò sí fèrèsé, ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ àti èébì ti bà jẹ́, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oògùn ìfọṣọ ti bó ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. "Òkè ni mo fẹ́ kí o wà," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kí n ṣáà máa gbọ́ ìró bàtà rẹ lókè orí mi. Ó tó mi." Kò sí alágbàfọ̀ kan tí kò tíì sọ fún pé òun lòun bí Mànàmáná.

Ohun tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, ni pé Mànàmáná kì í ka káàdì.

Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń kà bíi ti gbogbo ayé. Àmọ́ páálí ni páálí. Ó ń dọ̀tí, ó ń ya. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé tíì ti dà sí káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru, pé etí káàdì wárápá sì ti ya. Bó bá ti rí àbàwọ́n tíì báyìí, ẹnu rẹ̀ á ti sọ "ẹ̀jẹ̀ ríru" kí ojú rẹ̀ tó dé orí ọ̀rọ̀. Ó borí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, orúkọ tuntun sì bá a délé. Ó dùn mọ́ ọn kọjá sísọ.

Nígbà tó yá, Màmá Káàdì fi í ṣe olùtọ́jú káàdì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ìyá rẹ̀ ń sinmi, ó da igba káàdì sórí ibùsùn, ó jókòó tì wọ́n. Ó fi èékánná tẹ etí àkọ́kọ́, díẹ̀ báyìí. Ó tẹ ìkejì lápá òsì. Ó ká igun ìkẹta. Nígbà tí oòrùn fi máa kúrò lójú fèrèsé, kò sí káàdì kankan tí kò ní àmì mọ́. Kò pè é ní ojóoró. Ọgbọ́n ló pè é. Ṣebí òun náà há igba àmì sórí? Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ká ní ìdajì làálàá yẹn ló fi kọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìtàn yìí kì bá tí sí.

Màmá Káàdì wò ó lọ́jọ́ kan títí. "Mànàmáná, ojú rẹ kì í pẹ́ lára ọ̀rọ̀. Ṣé o ń kà á ni, àbí o ń lá a lálàá?"

"Mo ń kà á, Mà."

"Hùn-ún." Ó gbé káàdì tó kàn sókè.

Ní Sátidé ìparí sáà náà, káàdì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lọ́wọ́ Mànàmáná. Díẹ̀díẹ̀ ló ṣe ẹ̀kẹfà. Káàdì kan ṣoṣo ló fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ohun tí Mànàmáná kọ́kọ́ rí ni ike funfun tó ń rọ̀ lókè orí ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí dókítà fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ọmọ tó wà níbẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ike náà mọ́, wọ́n ń dán, igun wọn dọ́gba. Mànàmáná wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Ó ti gba káàdì ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní àìmọye ìgbà, àmọ́ ó dà bí ẹni pé òun àti wọn kò pàdé rí.

Sístà, ìyẹn olórí wọ́ọ̀dù náà, jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè. "Èwo nínú yín ni Mànàmáná?" ló béèrè.

"Èmi ni, Mà."

"Wọ́n ní o máa ń mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó dáa. Ọ̀dọ̀ mi ni wàá wà. Ta lo fẹ́ kó bá ọ ṣe é?"

"Díẹ̀díẹ̀," ni Mànàmáná dá a lóhùn kíá. Àwọn tó kù rò pé àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ọgbọ́n gbé e. Bí wọ́n bá dé ìdí ibùsùn kan, yóò fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí olùkọ́. "Ó yá, Díẹ̀díẹ̀, jẹ́ ká wò ó bóyá o mọ èyí." Díẹ̀díẹ̀ yóò mi ètè títí, yóò wá sọ pé, "Èyí... ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni. Kí wọ́n máa wọn ìtọ̀ ẹ̀." "O gbìyànjú," ni Mànàmáná yóò wí, yóò sì mí kanlẹ̀. Àmọ́ kò sùn dáadáa mọ́, oúnjẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wù ú jẹ. Lójoojúmọ́ ni ìyá rẹ̀ ń bi í pé báwo ni iṣẹ́, lójoojúmọ́ ló sì ń sọ pé ó ń dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Sístà rán Díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ti gbé oúnjẹ àárọ̀ dé. "Ìwọ, pín tíì àti bisikíìtì fún wọn," ló sọ fún Mànàmáná. "Wo ike kó o tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan o. Bí nǹkan kan ò bá yé ọ, mo wà níbí." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Láti ibùsùn kìíní dé ìkẹfà, kò sí wàhálà, torí Díẹ̀díẹ̀ ti ka gbogbo ike wọn sí i létí. Orí ìkeje ni ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n gbé dé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, ó sì gbé ìbọ̀sẹ̀ kan mọ́ àyà. Bọ́tìnì méjì ni ojú ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Àǹtí, ebi ń pa èmi àti ọmọ mi."

"Ṣé wọn ò tíì fún ẹ ní nǹkan ni?"

"Láti àná! Wọ́n kàn ń sọ pé kí n ní sùúrù. Màmá mi ti lọ bọ́jú."

Mànàmáná gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ló wà lára ike náà, *nil per os*. Ó mọ̀ pé òun ti rí i rí. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gba káàdì yẹn tó òun. Igun ọ̀tún lókè, ó ká díẹ̀: ìyẹn ló rántí. Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́, tó fi ìka pa igun ọ̀tún ike náà. Kò sí ibi tó ká níbẹ̀, orí òun náà sì ṣófo.

Ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ni, ìyẹn dá a lójú. Àbí iyọ̀ ni? Ó jọ pé iyọ̀ wà níbì kan nínú rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Sístà ń kọ̀wé. Ìbéèrè kan péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí ni wọ́n kọ síbí?" Àmọ́ báwo ni Mànàmáná ṣe máa béèrè? Kí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó gba káàdì mọ́kànlélọ́gọ́ta kò mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta? Kí lẹ́tà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ojú ti tì í kí ẹnikẹ́ni tó dójú tì í.

"Iyọ̀ ni," ló sọ fún ara rẹ̀. "Tíì ò sì níyọ̀." Ó bu tíì tí wọ́n po mílíìkì mọ́, ó fi bisikíìtì méjì tì í. Ọmọ náà jẹ ọ̀kan, ó fi ìkejì kan ìbọ̀sẹ̀ lẹ́nu, ó sì bá a jẹ ìyẹn náà. Ó mu tíì rẹ̀ gbẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Díẹ̀díẹ̀ dé. Ó rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó rí ike tuntun, ó sì dúró bó ṣe máa ń dúró, ètè rẹ̀ ń mì. "Kò sí nǹkan kan... láti... ẹnu. Áà, kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nìyẹn. Ó mà ṣe o, ebi á ti máa pa ọmọ yìí."

Mànàmáná rọra bọ́ síwájú ife tó ṣófo náà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa rí i. "Kí tiẹ̀ nìdí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí wọ́n jẹun?" ló béèrè bí ẹni ń ṣeré.

"Ṣebí Màmá Káàdì ṣàlàyé ẹ̀ lọ́jọ́ tó o gba káàdì yẹn! Tí wọ́n bá fún èèyàn lóògùn oorun tí oúnjẹ wà níkùn ẹ̀, oúnjẹ yẹn lè gòkè padà, kó gba inú ọ̀fun bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè pa á. Àbí o ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé."

Ó dúró títí Díẹ̀díẹ̀ fi kọjá sí ìdí ibùsùn mìíràn. Lẹ́yìn náà ló gbé ife pamọ́ sábẹ́ àwọn ife yòókù, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu èérún bisikíìtì kúrò lẹ́nu ọmọ náà.

"Gbọ́, ọmọ dáadáa. Tíì yẹn, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á bá èmi àti ìwọ wí."

Ọmọ náà fi ìka pa ẹnu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé. "Òun náà ò ní sọ."

Bóyá ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ṣe é, Mànàmáná ń sọ fún ara rẹ̀. Bóyá ọ̀la ni. Omi lásán ṣáà ni tíì, kí ni bisikíìtì méjì fẹ́ ṣe? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń wá oorun yẹn.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí àwọn ọkùnrin méjì ti ibùsùn onítáyà wọlé, nọ́ọ̀sì kan láti yàrá iṣẹ́ abẹ tẹ̀ lé wọn. Ìyá ọmọ náà ti padà dé. Aránṣọ ni, òwú pupa ṣì lẹ̀ mọ́ èjìká aṣọ rẹ̀.

"Belúbelú ọ̀fun ni wọ́n fẹ́ gé fún un, àbí?" ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Ṣé ó ti jẹ nǹkan láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Láti àná tí ẹ ti sọ ọ́, mi ò fún un ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o jẹ nǹkan? Ṣé o mu nǹkan?"

Ọmọ náà wo Mànàmáná. Ó wò ó tààrà. Lẹ́yìn náà ló mi orí pé rárá, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ibùsùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀kan nínú táyà rẹ̀ ń dún, kwí, kwí, kwí. Mànàmáná tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá dákẹ́, lẹ́tà rẹ̀ ń bọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì pé sáà kan, ó sì ti fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Ìyá Mànàmáná ló wà lọ́nà níta, tó ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ibùsùn náà lè kọjá. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ wọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń ti kẹ̀kẹ́. "Ọmọ mi nìyẹn," ló wí. "Èyí tí mò ń sọ fún ẹ." Nígbà náà ni ọmọ orí ibùsùn gbé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi ń juwọ́ sí Mànàmáná pé ó dàbọ̀.

"Ẹ dúró!"

Kò mọ̀ pé ohùn òun lè tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ má gbé e lọ! Ó ti jẹun! Èmi ni mo fún un ní tíì! Èmi ni mo ní kó má sọ!"

Táyà dákẹ́. Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lójú ìyá rẹ̀ kò tètè lọ. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Wọ́n dá ọmọ náà padà sórí ibùsùn keje. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà kò ṣeé ṣe mọ́ lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn aláìsàn mìíràn ló sì wà fún gbogbo ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá ọmọ náà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣọ́ọ̀bù ni mo tì wá síbí," ló ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mo fi àwọn kékeré sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò." Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ fún un ló gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Sístà pe Mànàmáná sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí ló dé tí o ò béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Ojú ń tì mí, Mà."

"Èmi náà ti ṣi nǹkan ṣe rí. Àṣìṣe kọ́ ló ń bí mi nínú. Àmọ́ nígbà tó o ti mọ̀, o kọ́ ọmọ ọdún méje láti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún un lóògùn oorun. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?" Sístà na ìka sí aṣọ ọrùn rẹ̀. "Bọ́ aṣọ wọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀. O ò ní padà síbí mọ́." Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, Sístà tún pè é. "Ìwọ. O pariwo kó tó pẹ́ jù. Mà á rántí ìyẹn náà."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìpara ra ọwọ́ tí oògùn ìfọṣọ ti bó. Mànàmáná kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí."

"Kí n ti wí i?" Ìyá rẹ̀ kò gbé ojú sókè. "Ṣé o mọ ibi tí aṣọ ibùsùn ọmọ tó bá kú ń lọ?"

Mànàmáná mi orí pé rárá.

"Ọ̀dọ̀ mi ni. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni ǹ bá fọ ti ọmọ yẹn. Mi ò sì ní mọ̀ pé ìwọ lo fi í ránṣẹ́ sí mi. Mà á máa fọ̀ ọ́, mà á máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi wà lókè."

Mànàmáná bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. "Ìsàlẹ̀ tí mo wà ò pa mí," ló wá wí. "Irọ́ tó máa gbé ọ dókè ló máa pa mí. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ pé ìtìjú ni? Lọ bá Màmá Káàdì, kó o sọ gbogbo ẹ̀ fún un, má fi ọ̀kan pamọ́."

"Ẹ ṣeun, Màmi." Ó gba ìpara náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń bá a fi ra àárín ìka lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé àpótí káàdì lọ ní Sátidé. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Màmá Káàdì ń fi àtàǹpàkò pa igun káàdì wò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tó fi kan èyí tó ká ní igun ọ̀tún lókè.

"Gbogbo igba náà?"

"Gbogbo ẹ̀, Mà."

"Orí tó gba igba àmì dúró!" Ìyá àgbà náà mi orí. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ kì í pẹ́ lára ọ̀rọ̀, mo sì dákẹ́ torí pé kíláàsì ń dùn. Eré ni mo fi ń kọ́ yín, kì í ṣe eré ni mo wá kọ́ yín." Ó da igba káàdì sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì gbé páálí tuntun àti sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. "Gé òmíràn. Ìwọ ni wàá kọ ọ́, tiwájú tẹ̀yìn."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó parí rẹ̀. Ibi tó ti ń kọ̀wé ni ìyá rẹ̀ bá a lọ́jọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé. "Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ibùsùn keje láyọ̀," ló wí. "Èmi ni mo fọ aṣọ ẹ̀. Mo bá ìbọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀ tó lójú bọ́tìnì. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ, mo gbé e lọ fún un lókè." Mànàmáná fi ọwọ́ bo ojú. Kò mọ ohun tó ń sunkún sí, ó kàn mọ̀ pé ara òun fúyẹ́ díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fún ní lẹ́tà náà. Ó gbé e wá fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú ń tì í bí ẹni pé ó jí i. Mànàmáná gbà á, ó kà á láti orí dé ìdí, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dùn ún wọra, kò sì purọ́ pé kò dun òun. "Ìwọ ló tọ́ sí," ló wí. "Èmi ni mò ń tọ ẹ̀yìn rẹ kà á láti ọjọ́ yìí wá."

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó padà sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn ọjọ́sí sọ ọ́ ní Mànàmáná-tó-kú, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Ní Sátidé àkọ́kọ́, káàdì méjì péré ló gbà. Ní ìkejì, ó gba mẹ́rin.

Ní ìkẹta, Màmá Káàdì gbé káàdì kan sókè, páálí tó mọ́, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ lu tábìlì. Mànàmáná kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì.

"Kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà. Bí kò bá dá mi lójú, ǹ bá ti béèrè."

Màmá Káàdì gbé káàdì náà fún un pé kó di tirẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá fi àmì rọ́pò ìmọ̀, ibi tí kò bá ti sí àmì ni yóò ti tẹ́. Ìbéèrè kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ìtìjú tí kò jẹ́ ká béèrè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mànàmáná mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Títí di òní, àpò aṣọ rẹ̀ ni káàdì yẹn wà, bí igun rẹ̀ bá sì ti fẹ́ ká báyìí, yóò gé páálí tuntun, yóò tún un kọ.